Bí Kọ̀ǹpútà Mi Ṣe Ń Ṣiṣẹ́ Ọ̀fẹ́ Láìsí Íńtánẹ́ẹ̀tì

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo kàn gbọ́ "pàà!" ni, òórùn wáyà tó jóná sì gba gbogbo pálọ̀. Iná ìjọba ló dé lójijì, ó sì dé tagbáratagbára. Mi ò wo fíríìjì, mi ò wo tẹlifíṣọ̀n, ìdí kọ̀ǹpútà mi ni mo sáré lọ. Mo tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ títí, kò dáhùn. Bẹ́ẹ̀ ọjọ́ kejì ni iṣẹ́ tó wà nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ àwọn tó ni ín.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mo fi jẹun láyé mi. Mo ní ṣọ́ọ̀bù ní Agbowó, mo ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tẹ iṣẹ́ wọn, mo sì ń kọ́ èèyàn ní títẹ̀wé. Alhájì Múfútáù, tí wọ́n ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Ring Road, ni ọ̀gá tó kọ́ mi. Nígbà tí mo dín iṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù kù, mo gbé kọ̀ǹpútà kan lọ sílé ní Móníyà, ó kàn jókòó síbẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ nípa àwọn onímọ̀ kan tó ń wá oògùn ibà tuntun. Ìṣirò tó wà nídìí rẹ̀ ju ohun tí kọ̀ǹpútà kan lè dá ṣe lọ, ni wọ́n bá gé e sí wẹ́wẹ́, wọ́n ń pín in fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ fi kọ̀ǹpútà ilé rẹ̀ ràn wọ́n lọ́wọ́, káàkiri ayé. Bí ọ̀wẹ̀ ló rí: kálukú á ro ebè tirẹ̀, oko á sì tán. Ibà ló pa àkọ́bí àbúrò mi ní Ṣakí. Mi ò ro ó lẹ́ẹ̀mejì kí n tó forúkọ sílẹ̀.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé kò sí íńtánẹ́ẹ̀tì nílé wa. Inú kòtò ni ilé náà wà. Tá a bá fẹ́ fi fóònù pe èèyàn, ìta la ń jáde sí. Ṣùgbọ́n ìgbà tá a bá ń gba iṣẹ́ àti ìgbà tá a bá ń dá a padà nìkan ni íńtánẹ́ẹ̀tì wúlò; ìṣirò fúnra rẹ̀ kò bèèrè rẹ̀. Nítorí náà, màá gbé àpótí kọ̀ǹpútà, tá a ń pè ní sípíyù, wọ takisí lọ sílé Bísí ọ̀rẹ́ mi ní Bódìjà. Á gba iṣẹ́ níbẹ̀, màá gbé e padà sílé kó máa ṣírò. Tó bá parí, ó tún di Bódìjà.

Awakọ̀ kan bi mí pé, "Mọ́mì, ṣé ara nǹkan yìí ò yá ni, tẹ́ ẹ fi ń gbé e lọ gbé e bọ̀?"

"Ara rẹ̀ le," ni mo fèsì. "Iṣẹ́ ló ń lọ."

Gbogbo ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí iná ṣe wá léṣe yìí, ẹ̀rín ò sí. Iṣẹ́ tó gùn jù nínú gbogbo èyí tí mo ti gbà ló wà nínú rẹ̀, ó sì ti kù díẹ̀ kó parí. Ọkọ mi rí ojú mi.

"Àwọn tó ni iṣẹ́ yẹn ò mà mọ̀ ọ́."

Mo ní, "Àmọ́ èmi mọ̀ pé mo gbà á."

Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, mo ti wà lọ́dọ̀ Alhájì. Wọ́n tú àpótí náà, wọ́n gbóòórùn inú rẹ̀.

"Páwà tó ń gbaná sínú rẹ̀ ló fara gbọta."

"Dísíìkì ńkọ́, sà? Inú ẹ̀ ni iṣẹ́ wà."

"Ṣe sùúrù. Jẹ́ ká gbọ́ ohùn rẹ̀."

Wọ́n fi páwà mìíràn sí i, wọ́n dẹ etí sílẹ̀. Mo di tábìlì mú. Ìró kékeré kan bẹ̀rẹ̀, wúù.

"Ó ń mí," ni Alhájì wí.

Ètò tó ń ṣe ìṣirò náà máa ń sàmì síbi tó bá ṣírò dé, ibẹ̀ ló sì ti ń bá a lọ. A fi í sílẹ̀ kó parí. Alhájì lọ kírun, èmi ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi náà ń gbàdúrà sínú. Bó ṣe parí, takisí gbé mi dé Bódìjà.

Iṣẹ́ náà gba orí íńtánẹ́ẹ̀tì lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, àmọ́ àyà mi ò tíì balẹ̀. Kọ̀ǹpútà méjì ni àwọn onímọ̀ náà máa ń fún ní iṣẹ́ kan náà. Tí ìdáhùn wọn ò bá bára mu, wọn ò ní gbà á. Bí iná yẹn bá ti da nǹkan rú ńkọ́? Bísí gbé omi wá, mi ò fọwọ́ kàn án. A ń wojú kọ̀ǹpútà.

"Wò ó!" Bísí fò sókè. "Wọ́n ti gbà á!"

Ẹnì kan tí mi ò mọ̀, ní ìlú tí mi ò dé rí, ti ṣe iṣẹ́ kan náà, ìdáhùn òun àti tèmi sì ṣe rẹ́gí. Mo fẹ̀yìn tì, mo mí kanlẹ̀. Mo pe Alhájì.

"Alihamudulilahi!" Wọ́n kígbe débi pé Bísí gbọ́ ọ láti ibi tó jókòó sí.

Bísí wò mí. "Ṣé ká gba òmíràn?"

"Gbà á."

Nínú ọkọ̀ Móníyà, mo gbé sípíyù náà lé itan, ìṣirò tuntun wà nínú rẹ̀. Ká tó kúrò ní Bódìjà, oorun ti gbé mi lọ. Awakọ̀ ló fọwọ́ kàn mí léjìká.

"Mọ́mì, ẹ jí. Ilé ti dé."