Oyin Tó Dì

Bí ọyẹ́ bá ti wọlé báyìí, tí ètè bẹ̀rẹ̀ sí í là, tí ẹsẹ̀ ń funfun bí ẹni tó rìn nínú eérú, ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń ṣe láàárọ̀ ni pé kí n gbé ìgò oyin kan síbi ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, kí n wò ó bóyá ó ti dì. Ọkọ mi a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé dókítà kì í yẹ aláìsàn wò tó bẹ́ẹ̀. Mo máa ń jẹ́ kó rẹ́rìn-ín tẹ́rùn. Bí mo bá rí i pé ìgò náà ti dì, ara á tù mí pẹ̀sẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ìgbà kan wà tó jẹ́ pé oyin tó dì ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ọkọ tó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ yìí lọ́wọ́ mi.

Ìjẹ̀dẹ́, létí ọ̀sà, ni mo dàgbà sí. Káfíńtà tó ń kan ọkọ̀ ojú omi ni bàbá mi, oyin kì í sì í wọ́n nílé wa. Lórí pẹpẹ kíṣìnì wa, oríṣi mẹ́ta ló máa ń wà níbẹ̀, kálukú wọn ló sì ní iṣẹ́ tirẹ̀. Èyí àkọ́kọ́ ni oyin Ẹ̀jìnrìn, tí bàbá mi máa ń gbé bọ̀ nígbà tó bá lọ ra pákó nílùú náà. Ó dúdú bí omi àgbo, èéfín sì ń rùn lára rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Òun la máa ń pò mọ́ ọsàn wẹ́wẹ́ fún ikọ́, òun la sì máa ń fi ra ojú egbò iná. Èkejì ni oyin àwọn kòkòrò kékeré tí kì í ta ni, tí wọ́n ń gbé inú ihò ara ògiri. Ó ṣàn bí omi, ó kan díẹ̀, kì í sì í pọ̀. Ẹ̀yìn agolo gàrí ni ìyá mi máa ń fi í pamọ́ sí, àfi bí ohùn ẹnìkan bá há lẹ́yìn ìsọjí ló tó máa ń gbé e jáde. Ẹ̀kẹta ni ti inú ike, láti súpámákẹ́ẹ̀tì ní Ìkòròdú. Ìyẹn wà fún búrẹ́dì àlejò àti ẹ̀kọ àwa ọmọ. Omi aládùn ni bàbá mi máa ń pè é, n kò sì rí i kó fi kan ẹnu rí.

Adájọ́ oyin ni bàbá mi. Á ki orí ìṣáná bọ inú rẹ̀, á ṣá a, bó bá gbiná, oyin náà yege. Á kán an sórí yanrìn, á kán an sínú omi, á gbé e kalẹ̀ fún èèrà. Ṣùgbọ́n òfin kan wà tó ju gbogbo rẹ̀ lọ: oyin gidi kì í dì. Oyin tó bá dì, ṣúgà ni. Mo rántí ìgbà ọyẹ́ kan tí ìgò kan tó rà ní Gáréèjì Ìkòròdú dì lórí pẹpẹ. Ó wọ kẹ̀kẹ́ padà lọ bá ẹni tó tà á, ó sì bá a sọ ọ́ títí àwọn agbèrò fi pé lé wọn lórí. Èmi náà gba òfin yìí gbọ́ bí mo ṣe gba kátíkísìmù gbọ́. Nígbà tí mo ríṣẹ́ sí ilé ìtajà oògùn kan nítòsí Gáréèjì, mo máa ń fa ojú ro, màá máa kọ́ àwọn oníbàárà pé kí wọ́n má ra oyin tó dì. Bí wọ́n bá bi mí pé kí ló dé, màá ní ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ni.

Ibi iṣẹ́ yẹn ni mo ti pàdé ọkọ mi. Fíríìjì wa bàjẹ́, òun ni wọ́n pè kó wá tún un ṣe, kò sì pẹ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà pé kí fíríìjì náà tún bàjẹ́. Ará Òkè-Ògùn ni wọ́n, lọ́nà Ọ̀yọ́ lọ́hùn-ún. Bàbá rẹ̀ ti kú. Ìyá rẹ̀, tó jẹ́ aránṣọ, ló kó àwọn ọmọ wá sí Ìkòròdú, inú ilé tí wọ́n háyà ni wọ́n sì ń gbé. Nígbà tí ọ̀rọ̀ wa fìdí múlẹ̀, ọ̀rẹ́ bàbá mi kan ṣe alárinà, wọ́n sì dá ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Inú ọyẹ́ ni ọjọ́ náà bọ́ sí.

Àwọn tó wá kò pọ̀: ọkọ mi, ìyá rẹ̀, àti àbúrò bàbá rẹ̀. Wọ́n gbé iṣu àti èso wá. Lẹ́yìn náà ni ìyá rẹ̀ fúnra rẹ̀ gbé ohun kan tó fi aṣọ funfun wé, ó kúnlẹ̀, ó sì gbé e lé ìyá mi lọ́wọ́. Ìyá mi tú aṣọ náà. Oyin ni, nínú ìgò ńlá kan, ṣùgbọ́n ó ti dì láti ìdí dé ọrùn, ó funfun bí òrí. Mo wo ojú bàbá mi. Ojú tó gbé lọ sí Gáréèjì lọ́jọ́sí ni. Ṣùgbọ́n ọmọlúàbí ni bàbá mi, kì í dójú ti àlejò. Ó gbàdúrà, ó ní kí wọ́n jẹ, kí wọ́n mu, ó sì sìn wọ́n dé ojú títì. Inú wọn dùn lọ. Èmi nìkan ni ọbẹ̀ kọjá lọ́nà ọ̀fun mi tí mi ò mọ adùn rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe lọ tán, bàbá mi gbé ìgò náà ka iwájú mi. Kò jágbe rárá. Ó ní, “Ẹni tó lè rọ ṣúgà sígò kó pè é lóyin níwájú àna, kí ló máa pe ìyà fún ọmọ mi lọ́jọ́ iwájú?” Ó wá rán alárinà pé kó sọ fún wọn pé kí wọ́n ṣe sùúrù, pé ẹbí ṣì ń rò ó. Gbogbo wa la mọ ohun tí ẹbí máa ń rò bí wọ́n bá ní àwọn ń rò ó.

Alárinà yìí kò lè fi ọ̀rọ̀ pamọ́. Nígbà tí ìyá ọkọ mi bi í léèrè, ó tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀. Obìnrin náà wá ṣàlàyé pé ìgò oyin mélòó kan ló wà nílé òun, láti oko àwọn nílé, èyí tó dì jù lòun sì ṣà nínú wọn, torí pé lọ́dọ̀ àwọn, bó bá dì ni wọ́n fi ń mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò bomi là á. Àwọn kì í gbé oyin tó ń ṣàn síwájú àna. Ó ní, “Ẹ bá mi sọ fún wọn pé èyí tó dáa jù lọ́wọ́ mi ni mo gbé wá.” Ó sì fi kún un pé òun kò tún ní gbé ẹsẹ̀ òun dé Ìjẹ̀dẹ́ mọ́, àfi bí wọ́n bá ránṣẹ́ pe òun. Nígbà tí èsì yìí dé etí bàbá mi, ó ní àwọn ará òkè mọ ọ̀rọ̀ í sọ.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe dúró nìyẹn. Ọkọ mi ń pè mí lórí fóònù, mò ń sunkún. Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo sì bẹ̀rù bàbá mi, n kò mọ ohun tí mo lè sọ fún èyíkéyìí nínú wọn. Èyí tó wá burú jù ni pé èmi náà rò pé ṣúgà ni. Mo ti kọ́ gbogbo oníbàárà Ìkòròdú bẹ́ẹ̀.

Bàbá mi ní kí ẹnikẹ́ni má jẹ oyin náà, kí a má sì dà á nù, torí ohun tí àlejò bá gbé wá, a kì í dà á nù. Ìgò náà dúró lórí pẹpẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Ẹ̀jìnrìn. Ṣùgbọ́n ìyá mi kì í ṣe ẹni tó lè máa wo oúnjẹ níran. Láàárọ̀, bí bàbá mi bá ti jáde lọ sí ìdí iṣẹ́, ìyá mi á fi ṣíbí bu èyí tó funfun sínú ẹ̀kọ rẹ̀, á lá ẹ̀yìn ṣíbí náà díẹ̀, ṣíbí yẹn kan náà ni á sì tún kì bọ oyin Ẹ̀jìnrìn láti fi po ọsàn wẹ́wẹ́ sílẹ̀ fún bàbá mi, torí eruku pákó àti ọyẹ́ ti jẹ́ kó máa wúkọ́. Mo bi í pé báwo ni ti àwọn ọkọ mi ṣe rí lẹ́nu. Ó ní ó dùn, pé kì í ṣe adùn ṣúgà, pé kí n jẹ́ kí inú bàbá mi rọ̀ ná.

Ó ṣe díẹ̀, bàbá mi jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, ikọ́ ò jẹ́ kó sinmi. Kò dúró de ìyá mi, ó lọ sí kíṣìnì fúnra rẹ̀, ó sì gbé ìgò oyin Ẹ̀jìnrìn. Ó dorí rẹ̀ kodò, kò sí ohun tó jáde. Ó mì í. Ó gbé e lọ sí ẹnu ọ̀nà níbi tí oòrùn wà. Láti ìdí ìgò náà dé ọrùn rẹ̀, oyin dúdú ti di hóró hóró, ó dì gbagidi.

Ó ké sí ìyá mi pé ta ló bu ṣúgà sínú oyin òun.

Ìyá mi nu ọwọ́ sára ìró rẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀yin lẹ mú iná dání nígbà tí wọ́n ń yọ afárá rẹ̀. Ẹ̀yin náà lẹ fún un sígò. Ta ló kù tó máa bu ṣúgà sí i?”

Òótọ́ ni. Ó ti ròyìn rẹ̀ fún wa títí etí wa fi kún, bí òun ṣe bá wọn dé ìdí igi náà, bí oyin ṣe ta òun létí. Ó jókòó sórí àpótí. Ó wo ìgò náà, ó wo èyí tó funfun lórí pẹpẹ. Ó wá sọ jẹ́ẹ́jẹ́ pé, “Bó bá jẹ́ ṣúgà lèyí, á jẹ́ pé èmi gan-an ni mo rọ ọ́.”

Ìyá mi gbé ìgò méjèèjì sínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì dúró tì í bí ẹni tó ń retí àbájáde ìdánwò. Díẹ̀díẹ̀, àwọn méjèèjì yọ́. Èyí tó funfun di pupa rúsúrúsú, ó mọ́ gaara. Bàbá mi fi ìka tọ́ ọ wò. Ó tún un tọ́ wò. Ó bi mí pé igi wo ni oyin tiwọn ń jẹ̀ lọ́hùn-ún. Mo ní ọkọ mi sọ pé igi ẹ̀mí tí wọ́n fi ń ṣe òrí àti igi igbá tó ń so irú ló pọ̀ lóko wọn. Ó mi orí, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní ọmọ tí kò bá dé oko bàbá ẹlòmíràn rí, á ní kò sí oko bàbá ẹni tó tó ti bàbá òun. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo gbọ́ tó pa òwe mọ́ ara rẹ̀.

Òun fúnra rẹ̀ ló jẹ oyin funfun náà tán. Ó fọ ìgò rẹ̀, ó ní òun fẹ́ dá a padà. Ìyá mi ní a kì í dá abọ́ ẹni padà lófìfo, ni bàbá mi bá bu oyin Ẹ̀jìnrìn kún un, ó fi aṣọ funfun yẹn kan náà wé e, ó dé fìlà, ó sì ní kí n mú òun lọ sí Ìkòròdú. Èmi ni mo gbé ìgò náà lé itan nínú kẹ̀kẹ́ títí a fi dé ibẹ̀.

Ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ la bá ìyá ọkọ mi. Ó dìde, ó kí wa dáadáa, ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín. Bàbá mi gbé ìgò náà fún un tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ó ní, “Ẹ̀yin àna wa, oyin yín ti tán nílé wa. Mo wá bẹ̀ yín pé kí ẹ bá wa wá òmíràn.”

Obìnrin náà tú aṣọ. Ó gbé ìgò náà sókè, oyin dúdú inú rẹ̀ ń ṣàn síbí, ó ń ṣàn sọ́hùn-ún. Ó ní, “Eléyìí ò dì o.”

Bàbá mi ní, “Ẹ ní sùúrù fún un. Á dì.”

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ gba ẹnu obìnrin náà, omijé ló tẹ̀ lé e. Èmi ò mọ̀gbà tí mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, láàárín àwọn àjákù aṣọ, tí mo mí kanlẹ̀. Ó dà bíi pé láti ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ ni mo ti di èémí yẹn mú.

Ó pẹ́ lẹ́yìn náà kí n tó mọ̀ pé ṣíbí ìyá mi ló ṣe iṣẹ́ yẹn. Bí hóró oyin tó ti dì bá bọ́ sínú òmíràn, á máa fa ìyókù mọ́ra, bí ìwúkàrà ṣe ń ṣe nínú ìyẹ̀fun. Nígbà tí mo sọ fún ìyá mi, ó ní òun ò mọ sáyẹ́ǹsì, ebi ló ń pa òun. Lónìí, oyin àwọn méjèèjì ló wà lórí pẹpẹ tèmi. Ti Ẹ̀jìnrìn wà fún ikọ́. Ti Òkè-Ògùn wà fún búrẹ́dì, torí kì í ṣàn sí àwọn ọmọ lápá. Ọmọ ọwọ́ ni mi ò fún nínú èyíkéyìí, bí nọ́ọ̀sì ṣe kìlọ̀, àfi bó bá lé lọ́dún kan.

Bàbá mi ti dàgbà, kì í kan ọkọ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n lọ́dọọdún, bí ọyẹ́ bá ti gbẹ ètè rẹ̀, fóònù mi á dún láàárọ̀. Kì í tilẹ̀ dúró gba ìkíni tán.

“Ṣé tiyín ti dì?”

“Ó ti dì, Bàbá.”

“Ó dáa. Mò ń bọ̀.”