Bọ́kẹ́ẹ̀tì Ẹrẹ̀ láti Siluko

Àjàní ọkọ mi, Àjàní a-gbẹ́lẹ̀-má-kan-àpáta, ẹni tó ń mú omi gba ibi tí omi ò fẹ́ gbà, páìpù gígùn tó dé ilé ọlọ́rọ̀ tó tún dé ilé ẹni tí ò ní. Ìwé díẹ̀ ni mo kà, ṣùgbọ́n ohun tí mo fojú rẹ rí, ó yẹ kí n kọ ọ́ sílẹ̀.

Iṣẹ́ páìpù ló ń ṣe ní Siluko Road, ní Bìní. Nígbà tí àgbà dé, a kó lọ sí abúlé kan lẹ́yìn Ekiadolor. Omi ìwẹ̀, omi ìfọṣọ àti omi ẹ̀gẹ́ láti ilé gààrí, gbogbo rẹ̀ ló ń ṣàn wọnú odò tí a ń pọn mu. Àjàní gbẹ́ kòtò mẹ́ta tẹ̀ léra. Nínú àkọ́kọ́, ìdọ̀tí á rọ̀ sísàlẹ̀. Òkúta wẹ́wẹ́ àti yanrìn ló kún ìkejì. Ó gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ yí ìkẹta ká. Ó ní àwọn kòkòrò tí ojú ò rí ló wà nínú ẹrẹ̀ ibẹ̀, àwọn ló ń jẹ ìdọ̀tí náà. Omi tó ń jáde mọ́ gaara.

Ni odionwere, àgbà tó ń ṣe olórí abúlé, bá ní òun ń mú àwọn àgbà abúlé mìíràn bọ̀ wá wò ó. Èmi náà rò ó pé ṣé bí àlejò á ṣe wá bá ìdọ̀tí nílé ọkọ mi nìyí? Bí Àjàní bá ti lọ sí mọ́sálásí, màá da ísáàlì, oògùn tó ń pa kòkòrò àti òórùn, sínú kòtò, bí a ṣe ń dà á sílé ìyàgbẹ́. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi dà á.

Lọ́jọ́ tí àlejò dé, gbogbo wọn fi fìlà bo imú. Kòkòrò ti kú tán.

Odionwere ní, “Baba Yoruba, if e still dey smell when this month end, we go cover am.”

Àjàní ò jẹun lálẹ́. “Ta ló pa kòkòrò mi?”

“Bóyá àwọn obìnrin ilé gààrí ni,” mo ní. Mo mọ orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mi ò ní kọ ọ́ síbí. Wọ́n ṣì ń tà fún mi.

Àjàní sọ pé ẹrẹ̀ láti inú kòtò tó ti pẹ́ nìkan ló lè dá kòkòrò náà padà, irú èyí tó gbẹ́ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ àtijọ́ ní Siluko, ṣùgbọ́n eékún ò jẹ́ kóun lè lọ. Mo ní màá lọ. Mo bu ẹrẹ̀ náà kún bọ́kẹ́ẹ̀tì, mo dé e, mo fi ìró di í.

Nínú bọ́ọ̀sì, ọmọbìnrin akẹ́kọ̀ọ́ kan ní, “Mummy, ọbẹ̀ ni?”

“Ọbẹ̀ ni. Ti ọkọ mi ni.”

“Ó ń rùn o, mà.”

“Irú ló pọ̀ nínú ẹ̀.”

Dẹ́rẹ́bà ṣí gbogbo wíńdò. Títí a fi dé Ekiadolor, kò sẹ́ni tó bá mi sọ̀rọ̀ mọ́.

A fi omi ṣan kòtò fún ọjọ́ méjì, Àjàní wá da ẹrẹ̀ náà sí i. Kí oṣù tó parí, odionwere nìkan padà wá, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀ títí, ó wá tọrọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ odi kan. Bí kòtò ṣe dúró nìyẹn.

Lọ́dún yìí tí àìsàn dá a dùbúlẹ̀, mo ní kí n jẹ́wọ́. “Àjàní, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ kan wà.”

“Tó bá jẹ́ ti ísáàlì ni, Àjọkẹ́, fi sílẹ̀. Òórùn rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ lọ́jọ́ tí àlejò dé. Mo kàn ní kó o ru ẹrẹ̀ ná.”

“Eékún yín ńkọ́?”

“Kò dùn mí rárá.” Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un.

Nígbà tó kú, àwọn obìnrin ilé gààrí ló wá bá mi fọ abọ́ òkú. Ọ̀kan nínú wọn mú ísáàlì dání. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo gbé e pa mọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ọjọ́ Jímọ́ọ̀ la sin Àjàní, lẹ́yìn ilé.