Serifat Gba Ṣọ́ọ̀bù Rẹ̀

Àìsàn ló fọ́ Serifat lójú, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ò gbàgbé iṣẹ́ onídìrí. Ẹ̀yìn ilé wọn ní Fọlá Àgọ́rọ̀ ló ti ń ṣe é. Bí òjò bá ti ṣú, àwọn oníbàárà á sá lọ. Ló bá ní kí Ràmọ́nù, àbúrò rẹ̀ ọmọ ìyá, forúkọ òun sílẹ̀ lórí ìkànnì ìjọba tó ń pín ṣọ́ọ̀bù fún àwọn aláàbọ̀ ara. Fóònù Serifat máa ń kàwé sí i létí, àmọ́ tó bá dórí ìkànnì yẹn, "bọ́tìnnì, bọ́tìnnì" nìkan ló ń wí, kì í sọ ohun tí bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan wà fún.

Ó dúró títí, kò gbọ́ nǹkan kan. Ó gba ọ́fíìsì wọn lọ. Moyọ̀sọ́lá, òṣìṣẹ́ ibẹ̀, yẹ orúkọ rẹ̀ wò.

"Mà, ẹ ti gba ṣọ́ọ̀bù láti èṣí. Abúlé Òkúta ló wà. Ràmọ́nù ló bá yín gba kọ́kọ́rọ́."

Ṣọ́ọ̀bù tí Ràmọ́nù ti ń ta fóònù! Ó ní òun háyà rẹ̀ ni. Serifat fúnra rẹ̀ ló ṣàdúrà sí i lọ́jọ́ tó ṣí i.

Moyọ̀sọ́lá ní orí ìkànnì ni wọ́n ti ń fẹjọ́ sùn, kí òun bá a kọ ọ́.

"Rárá. Ojú tí mo yá lò ló jí ṣọ́ọ̀bù mi. Mi ò yá ojú ẹnì kankan mọ́. Ẹ tún ìkànnì yín ṣe, kí n fọwọ́ ara mi mú olè yẹn."

Ọ́fíìsì náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá àwọn aláàbọ̀ ara tí wọ́n máa bá wọn yẹ ìkànnì náà wò ni, Moyọ̀sọ́lá sì fi Serifat kún wọn. Kò pa ìpàdé kan jẹ. Á gbé fóònù sétí, á ní, "Bọ́tìnnì yìí ò sọ orúkọ ara rẹ̀. Ìkànnì yín tún lé mi jáde kí n tó kọ̀wé tán." Wọ́n rò pé ìfẹ́ ìlú ló ń gbé e wá. Ìbínú ni. Tó bá délé, á bu oúnjẹ fún Ràmọ́nù bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan.

Lọ́jọ́ tí wọ́n tún ìkànnì náà ṣe tán, tó là létí rẹ̀, ó jókòó ti Ràmọ́nù níbi tó ti ń jẹun, ó ń tẹ fóònù. Fóònù ka ohun tó kọ sókè ketekete: "Ràmọ́nù jí ṣọ́ọ̀bù mi."

"Àǹtí mi, kí lẹ̀ ń ṣe yẹn?"

"Mò ń lé ẹ jáde ni."

Wọ́n wádìí ọ̀rọ̀ náà, wọ́n sì dá ṣọ́ọ̀bù padà fún un. Ràmọ́nù dọ̀bálẹ̀, ó bẹ̀bẹ̀ fún igun kan péré. Ìyá wọn náà bẹ̀ ẹ́. Serifat ò gbà. Ó gbé àga sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù náà, ó ń gbọ́ bí Ràmọ́nù ṣe ń mí hẹlẹhẹlẹ lábẹ́ ẹrù tó ń kó jáde, inú rẹ̀ sì ń dùn. Nígbà tó kó o tán, Serifat ní kó gbálẹ̀. Ó gbá a. Serifat ò rí ilẹ̀ náà, ṣùgbọ́n ó ní kò mọ́, kó tún un gbá.