Ẹni Tó ń Gbọ́ Mímí Dígí Mọ́tò

Lánàá la ṣe fídáù ọjọ́ kẹjọ fún ẹ̀gbọ́n mi tó ń ṣe iná mọ́tò lẹ́yìn Grand Marché, ọjà ńlá ìlú Bouaké ní Ivory Coast. Kì í ṣe ọmọ ìyá mi. Òun àti àwọn òbí rẹ̀ wá láti Gánà nígbà tí wọ́n lé àjèjì kúrò níbẹ̀. Èmi, láti Ògbómọ̀ṣọ́ tààrà ni mo ti wá. Orúkọ rẹ̀ wà lẹ́nu mi bí mo ṣe ń kọ èyí, àti orúkọ gbogbo ẹni tó máa ń bá a jókòó lábẹ́ igi máńgòrò rẹ̀, títí dé orúkọ ìyá wọn. Ìyàwó rẹ̀ ló ní kí n má kọ orúkọ ẹnikẹ́ni. Ó ní orúkọ ni àwọn ọlọ́pàá ojú ọ̀nà fi ń ṣà wá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ nígbà yẹn, òun kò fẹ́ rí i nínú ìwé mọ́. Ó dáa. Iṣẹ́ ọwọ́ ọkọ rẹ̀ ni n ó kọ.

Ìgbà tí mò ń sọ yìí le. Owó sẹ́fà ti já sí ìdajì, búrẹ́dì ti kéré, rédíò sì ń sọ ọ́ ṣáá, ta ni ọmọ Ivory Coast gidi, ta ni kì í ṣe. Ivoirité ni wọ́n ń pè é. Awakọ̀ ni mí lọ́dọ̀ ìyá kan, ẹ̀yà Baoulé tó nilẹ̀ níbẹ̀, tó jẹ́ ọ̀gá ní ọ́fíìsì ìjọba. Màdáàmù la ń pè é. Ọkọ̀ rẹ̀ wà lára àwọn àlòkù tó ń ti ilẹ̀ Faransé wá, dígí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì tí awakọ̀ fi ń wo ẹ̀yìn sì ń fi iná ṣiṣẹ́. O kàn máa tẹ bọ́tìnnì kékeré kan ni, dígí á rọra yíjú bí ẹni tí wọ́n pè. Màdáàmù fẹ́ràn rẹ̀. Ó kúrú, èmi gùn. Tó bá fẹ́ wa ọkọ̀ fúnra rẹ̀, á tẹ̀ ẹ́ títí dígí á fi bá ojú rẹ̀ mu. Tí mo bá padà jókòó, èmi náà á tẹ tèmi.

Ní òpin ọ̀sẹ̀ kan, Màdáàmù bá àwọn àbúrò rẹ̀ lọ síbi òkú ní Béoumi, ó fi ọkọ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ mi. Àna mi tó ń ta aṣọ ní Sakassou ránṣẹ́ pé òun ti gbọ́ rédíò tó, òun ń kó lọ sílé, bọ́ọ̀sì á sì gbéra ní Bouaké lọ́jọ́ kejì. Mo gbé ọkọ̀ Màdáàmù láìtọrọ, mo fi lọ gbé e. A di ẹrù sórí rẹ̀ bí àwa ará ilé ṣe ń dì í: okùn náílọ́ọ̀nù gba òkè, a mú un wọnú ọkọ̀ láti ilẹ̀kùn iwájú méjèèjì, ní kọ̀rọ̀ ibi tí ilẹ̀kùn ti so mọ́ ara ọkọ̀, kó má baà sún sẹ́yìn. A wá fi ipá ti ilẹ̀kùn pa lé e lórí. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń dì í la Gánà àti Tógò kọjá, ẹrù kì í já. Ẹrù náà kò sì já.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, Màdáàmù tẹ bọ́tìnnì. Dígí ọ̀tún kò yí. Tòsì kò yí.

"Kí lo fi ọkọ̀ mi ṣe?"

"Kò sí nǹkan kan, Màdáàmù."

Ó wò mí. "Ọjọ́bọ̀ ni mò ń lọ sí Yamoussoukro. Tí dígí yìí kò bá ṣiṣẹ́ di ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wà nílé, ó mọ ọkọ̀ wà. Àwọn ará ilé wa kò yé bi mí pé kí ló dé tó jẹ́ Anago ló ń wa ọkọ̀ mi."

Anago ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbẹ̀. Mo ní ọmọ mẹ́rin nílé ìwé. Oníṣẹ́ iná tí mo kọ́kọ́ sáré lọ bá ní kí n lọ ra dígí tuntun ní Abidjan. Ìkejì ti fẹ́ fi irin yọ dígí náà jáde tipátipá kí n tó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ìgbà yẹn ni mo tó lọ sábẹ́ igi máńgòrò.

Ẹ̀gbọ́n mi kò mú irinṣẹ́ kankan. Ó ní, "Jókòó, tẹ̀ ẹ́." Ó gbé etí lé ẹ̀yìn dígí, ó dijú. "Tún tẹ̀ ẹ́." Ó lọ sí ìhà kejì, ó ṣe bákan náà.

"Kò mí," ó ní. "Tó bá jẹ́ eyín ẹ̀rọ inú rẹ̀ ló kán, ì bá máa kùn láìyí. Èyí kò kùn rárá. Iná ni kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀."

Ó ní kí n gbé ọkọ̀ sínú oòrùn kí ike rẹ̀ rọ̀. Lẹ́yìn náà ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì yọ dígí bí ẹni ń gbé ọmọ tó sùn. Ó fa wáyà méjì láti ibi bátìrì, ó fi kan ẹ̀yìn rẹ̀. Ohun tó ń yí dígí kùn, ó sì yí.

"Ó wà láyé! Ta ló ní kó o lọ ra tuntun?"

Ó wá ń ṣí ilẹ̀kùn, ó ń tì í, díẹ̀díẹ̀, ojú rẹ̀ kò kúrò ní ibi ìdè ilẹ̀kùn. Ó fi ìka méjì yọ fọ́nrán okùn náílọ́ọ̀nù aláwọ̀ ewé kan níbẹ̀, ó gbé e sójú mi.

"Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́."

"Ẹ̀gbọ́n."

"Ta ló kó lọ sílé?"

"Àna mi ni."

"Tìmùtìmù mélòó?"

"Mẹ́ta."

"Mẹ́ta! Àpótí ńkọ́?"

"Méjì, ẹ̀gbọ́n. Àti ìkòkò díẹ̀."

Télọ̀ tó ń ránṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ní, "Mọ́ṣáláṣí nìkan ló kù tí kò dì mọ́ ọn!" Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi dá ẹ̀rọ rẹ̀ dúró. Lánàá níbi fídáù, télọ̀ yìí kan náà, tí gbogbo irun rẹ̀ ti funfun, sún mọ́ mi, ó ní, "Tìmùtìmù mélòó?" Mo ní mẹ́ta.

Rọ́bà kan wà níbi ìdè ilẹ̀kùn tí wáyà dígí ń gba inú rẹ̀ kọjá. Okùn wa ti tẹ̀ ẹ́ pa lọ́tùn-ún lósì, wáyà inú rẹ̀ sì já. Ẹ̀gbọ́n mi fa rọ́bà sẹ́yìn, ó ń so wáyà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi irin gbígbóná yọ́ òjé lé e. Kò jẹ́ kí ojú ìsopọ̀ méjì pàdé: ọ̀kan lókè, èkejì nísàlẹ̀ rẹ̀. Ó ní tí wọ́n bá pàdé, rọ́bà á wú, ilẹ̀kùn á tún pa á. Ó gé rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, ó fi wé ìkọ̀ọ̀kan. Ó dìde lọ kírun Àsárì, ó padà wá.

Nígbà tó parí, a tẹ dígí òsì sókè, ó lọ sílẹ̀.

Mo ní, "Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbọ́n, ó ṣáà ń yí."

Ó wò mí bí ẹni tó bú bàbá rẹ̀. "Obìnrin yẹn á tẹ òkè, á rí ilẹ̀. Lójú ọ̀nà Yamoussoukro?" Ó tú gbogbo rẹ̀, ó tún un so.

Mo bẹ̀ ẹ́ pé tí Màdáàmù bá béèrè, kó sọ pé wáyà ló gbó.

"Wáyà kò gbó. N kò ní purọ́ mọ́ ohun tí mo fọwọ́ ara mi so. N kò sì ní fẹjọ́ rẹ sùn. Iṣẹ́ mi ti parí. Èyí tó kù, tìrẹ ni."

Nírọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, Màdáàmù ní kí n mú òun lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ṣe é. Òun fúnra rẹ̀ ló wa ọkọ̀. Ó tẹ bọ́tìnnì, ọ̀tún yí, òsì yí. Ó fi Dioula, èdè ọjà Bouaké, bi í pé kí ló ṣe é.

"Wáyà ló já níbi ìdè ilẹ̀kùn."

"Kí ló já a?"

Ẹ̀gbọ́n mi ń nu ọwọ́. Kò wò mí rárá. Télọ̀ dá ẹ̀rọ rẹ̀ dúró.

"Èmi ni, Màdáàmù," mo ní. Mo sọ ti Sakassou, ti tìmùtìmù, ti okùn, mo sì sọ pé irọ́ ni mo pa lọ́jọ́ Ajé.

Màdáàmù ní, "Àna rẹ yẹn, kí ló lé e lọ?"

"Ẹ̀rù ni, Màdáàmù."

Ó bojú wo dígí, bí ẹni pé ibẹ̀ ni mo ti dáhùn. Ó wá sọ̀ kalẹ̀ níwájú, ó lọ jókòó sẹ́yìn, ó na kọ́kọ́rọ́ sí mi.

"Aago márùn-ún ìdájí ọ̀la. Dá dígí padà sí gíga tìrẹ."

Mo tẹ òkè. Òkè ló lọ.