Ọwọ́ Òsì Tí Mo Fi Kí Bàbá Sámúẹ́lì

Ẹ súnmọ́ bí, kí n ròyìn bí ọwọ́ òsì mi yìí ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ lé mi kúrò ní Ìlá-Ọ̀ràngún. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín o! Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná.

Àárín àwọn ọdún 1990 ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí àgùnbánirọ̀, wọ́n sì gbà mí síṣẹ́ tíṣà ìṣirò ní iléèwé gíráámà kan ní Ìlá. Ọmọ Ìlá ni bàbá mi, ṣùgbọ́n Èkó ni wọ́n bí mi sí. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún, nígbà Kérésì, la máa ń wá, tá a bá sì lo ọjọ́ mẹ́ta, a ti padà nìyẹn. Àwọn òbí bàbá mi ti kú, ilé wọn sì ti wó. Ni mo bá gba yàrá kan lọ́wọ́ màmá kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Dúpẹ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti dá gbé rí, ẹ mọ ohun tí mò ń wí. Mo se ẹ̀wà, ó jóná. Mo fọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun pọ̀ mọ́ aṣọ pupa, bí mo ṣe wọ ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ òdòdó lọ síwájú àwọn ọmọ kíláàsì mi nìyẹn! Tí mo bá ti iléèwé dé, kò sẹ́ni tó máa pe orúkọ mi títí ilẹ̀ á fi mọ́. Mo gbọ́ rédíò títí mo fi ń dá àwọn tó ń ka ìròyìn mọ̀ lóhùn. Ṣé bí wọ́n ṣe ń dàgbà nìyí? Èmi tí mo ti rò pé tówó oṣù bá ti ń wọlé, ó parí!

Lọ́jọ́ kan, mo gbé ṣòkòtò lọ sọ́dọ̀ télọ̀ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà. Bùrọ̀dá Ṣọlá lorúkọ rẹ̀, á fi bí ọdún mẹ́rin jù mí lọ. Ó wọ̀n mí ní ìbàdí, ó wo téèpù, ó wo ojú mi, ó ní Tíṣà, ikùn ń bọ̀ o. Ó wá sọ fún mi pé àwọn kan máa ń sáré pọ̀ láàárọ̀ Sátidé, kí n wá dara pọ̀ mọ́ wọn.

Mo lọ. Ẹni méje la jẹ́: Bùrọ̀dá Ṣọlá tó dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, mẹkáníìkì kan, nọ́ọ̀sì kan tá à ń pè ní Sísítà Bọ́sẹ̀, àwa tíṣà sì ni ìyókù. A máa ń gbéra lẹ́bàá ọjà, a ó gba ojú ọ̀nà tó lọ sí Ọ̀rà, a ó sì yí padà. Tá a bá dé, a ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹlẹ́kọ, a ó jẹ ẹ̀kọ àti àkàrà, a ó máa fi ẹni tó kẹ́yìn ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ gbà mí gbọ́, láti Sọ́ńdè ni mo ti máa ń ka ọjọ́ dé Sátidé!

Ṣé ẹ mọ ọmọ Èkó? Kò tó oṣù kan tí mo fi ń ṣíwájú gbogbo wọn. Ni Bùrọ̀dá Ṣọlá bá gbé fèrè lé mi lọ́wọ́, ó ní èmi ni kí n máa darí. Ara mi wá yá gágá! Mo ra aago tuntun. Mo ṣàkíyèsí pé a máa ń pẹ́ jù lọ́nà, nítorí gbogbo ibi tí àgbàlagbà bá jókòó sí níwájú ilé làwọn tá a jọ ń sáré máa ń dúró sí láti kí wọn, èmi á sì ti máa sáré lọ níwájú. Mo ní ìyẹn ti tó. Mo ní kí a máa kí wọn lórí eré, ẹsẹ̀ ò gbọdọ̀ dúró.

Wọ́n wo ara wọn. Sísítà Bọ́sẹ̀ ní, “Tíṣà, Ìlá lẹ wà o.” Mo ní eré leré ń jẹ́. Àbí ta ló kàwé jù níbẹ̀?

Bàbá àgbẹ̀ kan wà lójú ọ̀nà Ọ̀rà yẹn, Bàbá Sámúẹ́lì. Wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún dáadáa. Láràárọ̀ ni wọ́n máa ń jókòó síwájú ilé wọn, wọn á máa run orín. Sátidé yẹn, mo ń bọ̀ níwájú, fèrè wà lọ́wọ́ ọ̀tún mi. Kí ni mo ṣe? Mo na ọwọ́ òsì sókè, mo ní, “Ẹ káàárọ̀ sà!” Mo ki fèrè bọ ẹnu, mo fọn ọ́n, fíííì! Mo kọjá. Àwọn ìyókù sì tẹ̀ lé mi nítorí pé mi ò dúró.

Òsì o! Ọwọ́ òsì ni mo nà sí àgbàlagbà, mo tún fọn fèrè sí i! Kò tilẹ̀ wá sí mi lọ́kàn. Aago mi ni mò ń wò.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Sọ́ńdè, Bùrọ̀dá Ṣọlá kan ilẹ̀kùn mi, ojú rẹ̀ ti rẹ̀wẹ̀sì. Bàbá Sámúẹ́lì ti lọ bá bàbá rẹ̀ lẹ́yìn ìsìn. Wọ́n ní ọmọ kan táwọn ò mọ̀ rí na òsì sí àwọn, ó sì fọn fèrè sí àwọn bí ẹni ń lé ewúrẹ́. Bàbá Ṣọlá ní ẹni tó bá ṣì fẹ́ máa sùn nínú ilé òun ò gbọdọ̀ bá irú wa sáré mọ́. Kó tó di Túsìdeè, màmá mẹkáníìkì náà ti gbọ́, tòun náà ti parí. Sísítà Bọ́sẹ̀ ní òun ò lè wá ẹ̀tẹ́, àwọn tíṣà yòókù náà sì fà sẹ́yìn. Gbogbo èèyàn tí mo ní ní Ìlá, òwúrọ̀ ọjọ́ kan ni mo fi tú wọn ká!

Inú mi bàjẹ́ gan-an. Mo ń ronú pé kí n kúkú kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ kí n padà sí Èkó. Ìyá Dúpẹ́ ló pè mí sí kíṣìnì. Wọ́n ní ṣé òótọ́ ni pé mo na òsì sí Bàbá Sámúẹ́lì? Ìyá Dúpẹ́ náà ti gbọ́! Mo bi wọ́n pé kí ni kí n ṣe. Wọ́n wò mí bí ẹni tí nǹkan ń ṣe. Wọ́n ní ṣé ẹnìkan tún ń kọ́ni bí wọ́n ṣe ń bẹ̀bẹ̀ ni? Kí n wá ẹnìkan tẹ̀ lé mi, kí n sì lọ lẹ́yìn tí Bàbá bá ti oko dé.

Bùrọ̀dá Ṣọlá, èèyàn dáadáa, ló tẹ̀ lé mi lọ́jọ́ Fúráìdeè. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àyà mi kan erùpẹ̀. Bàbá ò wò mí. Àgbàdo ni wọ́n ń yin sínú igbá, wọ́n sì ń yin ín lọ. Bùrọ̀dá Ṣọlá ń bẹ̀ wọ́n pé ọmọdé ló ń ṣe mí, pé Èkó ni mo dàgbà sí. Ó pẹ́. Apá ti ń ro mí nílẹ̀.

“Ọmọ ta ni ọ́?” Ìgbómìnà tó jinlẹ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́ o, èmi ni mò ń sọ ọ́ bí mo ṣe lè sọ ọ́.

Mo dárúkọ ara mi.

“Mi ò bi ọ́ lórúkọ. Ọmọ ta ni ọ́?”

Mo dárúkọ bàbá mi, mo dárúkọ bàbá bàbá mi, mo sọ agboolé wa. Àgbàdo dúró lọ́wọ́ wọn.

“Dìde, kí n wo ojú rẹ.” Wọ́n wò mí, wọ́n wò mí. “Ọ̀wẹ̀ ni mo fi kọ́ ilé yìí. Bàbá bàbá rẹ ló po amọ̀ ògiri tó wà lẹ́yìn rẹ yẹn. Ọmọ ọmọ rẹ̀ wá ń kọjá lójú mi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, mi ò mọ̀! Báwo ni n ó ṣe mọ̀? Ẹni tí kò dúró, ta ló máa bi í léèrè?”

Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi lọ́kàn. Èmi tí mò ń sunkún pé kò sẹ́ni tó mọ̀ mí ní Ìlá, èmi náà ni mo gbé aago sọ́wọ́ tí mò ń sáré kọjá lára wọn!

Wọ́n foríjì mí. Wọ́n ní kí a máa sáré wa, ṣùgbọ́n kí a máa dúró kí àgbà, pé ní tèmi, ọwọ́ méjèèjì ni mo gbọ́dọ̀ máa fi kan ilẹ̀. Wọ́n ní àwọn fúnra wọn á bá bàbá Ṣọlá sọ̀rọ̀.

Ẹ wá wo Sátidé tó tẹ̀ lé e, àwa méjèèje ti pé padà! Ilé àkọ́kọ́, a dọ̀bálẹ̀. Ilé kejì, a dọ̀bálẹ̀. Nígbà tá a fi dé ilé keje, apá mi ń gbọ̀n. Ṣé eré-ìdárayá kan tún ju ìyẹn lọ? Sísítà Bọ́sẹ̀ ń kúnlẹ̀, ó ń dìde, àwọn màmá sì ń dá a dúró láti fi orúnkún tó ń dùn wọ́n hàn án. Màmá kan bi mí bóyá mo ti níyàwó, ó ní òun mọ ọmọ kan ní Ọ̀tan. Ohun tá a máa ń fi ogójì ìṣẹ́jú ṣe di wákàtí méjì, àkàrà ti tán ká tó dé. Àyà mi le bíi pákó láàárín oṣù méjì!

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ibà dá mi dùbúlẹ̀. Sátidé pé, mi ò lè gbórí sókè. Mo ní wọ́n á sáré wọn láìsí mi, kí ló kàn wọ́n? Nígbà tí oòrùn ti mú, mo gbọ́ ọ̀pá lórí fàrándà, kò, kò, kò. Bàbá Sámúẹ́lì ni! Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn wá láti ọ̀nà Ọ̀rà. Wọ́n ní ẹni méje ló máa ń kí àwọn, ẹni mẹ́fà làwọn rí láàárọ̀ yìí, ọmọ ọmọ ọ̀rẹ́ àwọn ni kò sí níbẹ̀.

Mo ń gbìyànjú láti sọ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì kí n lè kí wọn. Wọ́n na ọ̀pá dá mi dúró.

“Má dìde. Mo ti gba tòní.”

Ẹ jọ̀ọ́, mo sunkún bí ọmọ ọwọ́. Kì í ṣe ibà ló pa mí lẹ́kún o!

Ohun tí mo rí kọ́ kò le. Iṣẹ́ àti yàrá nìkan ò sọ èèyàn di ará ìlú. Ìgbà tó o bá dúró, tí wọ́n rí ojú rẹ, tí wọ́n bi ọ́ pé ọmọ ta ni ọ́, ìgbà yẹn lo tó dé.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ kọ tiyín sísàlẹ̀ níbí, mo fẹ́ kà á. Ní ìlú tẹ́ ẹ ti kọ́kọ́ dá gbé, ta lẹni àkọ́kọ́ tó mọ̀ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ ò jáde?