Ẹni Tí Ọ̀gá Ń Pè

"Màmá, ta ni ọ̀gá yín pè tí ẹ fi dáhùn?"

Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló bi í bẹ́ẹ̀, lọ́jọ́ tó wá gba kọ́kọ́rọ́ ilé lọ́wọ́ rẹ̀ níbi iṣẹ́. Onífáìlì kàn na kọ́kọ́rọ́ sí i. Ọdún kẹrin rèé tó gba iṣẹ́ ìtọ́jú fáìlì lọ́wọ́ ìyá kan tó fẹ̀yìn tì, orúkọ ìyá náà ni ọ̀gá ṣì fi ń pè é. Ó tún un ṣe títí ó fi sú u. Ọ̀gá á ní, "Mo ti gbọ́, mo ti gbọ́," tó bá fi máa di ọ̀sán, ó ti gbàgbé. Nígbà tó yá, obìnrin náà kúkú ń jẹ́ ẹ. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín bó ṣe ń lọ, ẹ̀rín yẹn sì dun ìyá rẹ̀ dé egungun.

Lọ́jọ́ kejì, àlejò mẹ́ta jókòó sí yàrá ọ̀gá. Ọ̀gá yọrí lẹ́nu ọ̀nà, ó ké orúkọ ìyá tó ti fẹ̀yìn tì, ó ní kó bá òun mú fáìlì àdéhùn ilé iṣẹ́ tuntun wá kíákíá.

"Ó dáa, sà. Mo ń lọ pè wọ́n."

Onífáìlì gbé báàgì kọ́ apá, ó sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó dá títì kọjá. Ó bá ìyá náà níbi tó ti ń sá aṣọ.

"Ọ̀gá ń pè yín, mà."

"Èmi kẹ̀? Èmi tí mo ti gba ìwé ìfẹ̀yìntì?"

"Orúkọ yín gan-an ni wọ́n pè. Etí mi méjèèjì ló gbọ́ ọ."

Ìyá náà wò ó sùn-ùn, ẹ̀rín sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀. "Ìwọ ọmọ yìí, o ò ní pa mí! Dúró, kí n wọ bàtà."

Bàtà mẹ́ta ló wọ̀ bọ́ kó tó rí èyí tó wù ú. Onífáìlì kò kán an lójú.

Nígbà tí wọ́n dé, ọ̀gá ti ń làágùn.

"Ẹ káàsán o. Wọ́n ní ẹ ń pè mí."

"Èmi, mà? N ò pè yín o!"

"Ẹ ò pe orúkọ mi?"

Ọ̀kan nínú àwọn àlejò fi ìwé bo ẹnu. Ọ̀gá wúkọ́. "Ó dáa, mà. Fáìlì ọ̀hún ńkọ́? Ẹ̀yin lẹ mọ ibẹ̀."

"Nígbà tèmi nìyẹn! Wọ́n ti tún gbogbo ẹ̀ tò. Èyí okùn pupa, tọ̀hún okùn dúdú, n ò mọ̀dí ẹ̀. Ẹ bi ẹni tó ni ibẹ̀."

Ọ̀gá yíjú sí onífáìlì. Ó la ẹnu, ó pa á dé. Obìnrin náà kò ràn án lọ́wọ́, ó ń fi ìka nu eruku ojú tábìlì.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà... kí lorúkọ yín?"

Ó sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń kọ́ ọmọ iléèwé. Ọ̀gá pè é, ó ṣì í. Ìyá àgbà ní kó tún un pè. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó gún régé. Ìgbà yẹn ni fáìlì tó jáde, kò sì tó ìṣẹ́jú kan.

Bí onífáìlì ṣe ń sin ìyá àgbà dé ẹnu ọ̀nà, ìyá ní, "Ó ti mọ orúkọ rẹ báyìí. Ṣé ó bẹ̀ ọ́?"

"Rárá o, mà. Ẹ̀bẹ̀ ọdún mẹ́rin ló jẹ mí, kò tíì san ti ọjọ́ kan."