Ráàmù Méjì Tó Jọra

Ìyá tó bí ìbejì kì í ra ẹyọ kan. Ìyá wa gba òfin yìí gbọ́ débi pé bí ibà bá ń ṣe ìkejì mi nìkan, àwa méjèèjì ni wọ́n máa fún lóògùn. Àgbo kíkorò tí mo mu nítorí àìsàn tí kì í ṣe tèmi kọjá kèrémí.

Nígbà tá a dàgbà, a jọ ṣí ṣọ́ọ̀bù kan sí Agbowó, à ń gé fídíò ìgbéyàwó, à ń tò ó pọ̀. Kọ̀ǹpútà wa ti darúgbó, la bá bẹ̀rẹ̀ sí í ra èèlò díẹ̀díẹ̀ láti fọwọ́ ara wa to tuntun. Ráàmù nìkan ló kù, ìyẹn ibi tí kọ̀ǹpútà ń tẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sí, bí tábìlì tí télọ̀ ń tẹ́ aṣọ lé. Ìkejì mi ti pinnu pé méjì tó jọra, tó wá nínú páálí kan náà, la máa rà, nítorí méjì tó bára mu ń yá ju ẹyọ ńlá kan lọ. A ń múra àtilọ rà á ni àìsàn gbé e ṣánlẹ̀.

Ó kú. Àwọn àgbà ní a kì í sọ bẹ́ẹ̀ nípa ìbejì, pé ká ní ó lọ sọ́jà. Èmi ni mo dúró ti bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ní ọsibítù. N kò rí ọjà kankan níbẹ̀.

Lẹ́yìn àdúrà ogójì ọjọ́ rẹ̀, ìyá wa ní ká lọ parí kọ̀ǹpútà náà, àwọn á sì bá mi lọ. Ní Ring Road, ọkùnrin tó ń tajà gbé ẹyọ ńlá kan síwájú mi, ó ní kí n fi ojú ihò kejì tí wọ́n ń ki ráàmù bọ̀ sílẹ̀ di ọjọ́ iwájú. Ó tẹ́ mi lọ́rùn. N kò fẹ́ rí ohunkóhun tó jẹ́ méjì mọ́.

"Fún un ní méjì," ìyá wa wí. "Mi ò ra ẹyọ kan rí."

Wọ́n já páálí náà fúnra wọn. Wọ́n fi ọ̀kan lé mi lọ́wọ́, wọ́n sì na èkejì sí apá ọ̀tún mi, níbi tí ìkejì mi máa ń dúró sí. Ọwọ́ wọn ṣì wà ní nínà nígbà tí ọkùnrin náà fẹ́ gbà á kó lè dán an wò. Wọ́n fa ọwọ́ sẹ́yìn, wọ́n dì í mọ́ etí ìró. Ọkàn mi gbọgbẹ́ débi pé mi ò mọ bá a ṣe dénú takisí.

Ẹyọ kan ni mo fi to kọ̀ǹpútà náà. Ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ ó ń fà. N óò jókòó tì í bí ẹni ń ṣọ́ ẹ̀wà lórí iná. Àwọn oníbàárà ń kùn. Nígbà tó sú mi, mo lọ sílé ìyá wa ní Ẹlẹ́yẹlé láti lọ gba èkejì. Mi ò tíì jókòó dáadáa tí wọ́n fi bi mí:

"Ṣé tìẹ ń ṣiṣẹ́?"

"Ó ń ṣiṣẹ́, Mọ́mì."

"Ti ìkejì rẹ náà wà lọ́wọ́ mi. Mi ò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fọwọ́ kàn án."

Mo bá ìkejì mi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.